Gbèsè Ìyá Olóúnjẹ

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí akẹ́kọ̀ọ́ kan jẹ́, ẹ má wo máàkì rẹ̀. Ẹ lọ bi ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Wọ́n ní ìwé àwìn nídìí tábìlì. Àwọn kan tórúkọ wọn wà níbẹ̀ ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, wọ́n ti ń gbowó oṣù, wọn ò sì tíì san owó ìrẹsì àti ẹ̀wà.

Ṣé a ti gbàgbé 2023 ni? Báńkì Àpapọ̀ pààrọ̀ igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún kan. Wọ́n ní owó àtijọ́ ò ní ṣeé ná mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kìíní, wọ́n tún sún un di ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Owó tuntun kò kárí. Àwọn èèyàn ń fi owó ra owó lọ́dọ̀ oní-POS, tiránsífà ò sì lọ. Ẹni tó lówó ní báńkì ń febi sùn. Ta ló gbà wá? Àwọn ìyá wọ̀nyí ni: “Jẹun ná, tó o bá rówó o ó san án.” Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ tó ní ká máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún. Ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu wa ti di owó lọ́dọ̀ àwọn ìyá olóúnjẹ tipẹ́.

Ẹ wá wo bá a ṣe ń san gbèsè. Ẹni tó yáwó lórí áàpù ń sáré san án, torí ó mọ̀ pé wọ́n lè fi àtẹ̀jísẹ́ ìtìjú ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà inú fóònù òun, dórí pásítọ̀ àti àbúrò ìyá rẹ̀. Láyé àtijọ́, ológò ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Á lọ dógò ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀, á máa pariwo, á máa pa adìẹ wọn jẹ títí wọn ó fi sanwó. Áàpù ní ológò. Ìyá olóúnjẹ ò ní. Ẹni tó bo àṣírí wa la wá ń rẹ́ jẹ!

Ẹnìkan á ní ìlú le, owó yẹn ò sì tó nǹkan. Kò tó nǹkan lójú tiwa ni. Bí ogún èèyàn bá jẹ ìyá kan ní ₦2,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦40,000 nìyẹn. Owó òwò ni, owó àjọ ni, owó ilé-ìwé ọmọ ni.

Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Ọ̀nà àwọn àbúrò wa gan-an la ń dí. Pátákó “Kò sáwìn lónìí” tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe ahun ló kọ ọ́. Àwa onígbèsè la kọ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáde, tiránsífà ti ń lọ báyìí. Ẹ wá nọ́ńbà wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, kẹ́ ẹ tó san owó aṣọ ẹgbẹ́ àti ti oníkámẹ́rà, ẹ kọ́kọ́ lọ pa orúkọ yín rẹ́ nínú ìwé àwìn.