Aṣálẹ̀ Kì í Ṣe Ilẹ̀ Òfo

Ọ̀rọ̀ kan ń bí mi nínú, n kò sì ní fi ṣe àdììtú. Nígbà tí mo ròyìn ìrìn àjò mi sí Ash Meadows, ọgbà ìdáàbòbò ẹranko tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Nevada, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹ̀rín ni àwọn kan fi mí rín. Wọ́n ní kí ni mo wá lọ sí aṣálẹ̀? Ẹnìkan tilẹ̀ ní owó ṣòfò lórí ẹja tí kò tó ìka ọwọ́, tí ènìyàn kò lè fi se ọbẹ̀!

Èmi kò gbà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè ìtumọ̀ aṣálẹ̀, ohun tí ó sábà máa ń gbọ́ ni pé ilẹ̀ tí kò ní omi, tí nǹkan kan kì í gbé ni. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ níbẹ̀, òótọ́ ni; ṣùgbọ́n ta ló sọ ọ́ di òfo? Láti Las Vegas, nǹkan bí 90 máìlì, òkúta àti iyanrìn ni ojú ń rí. Lójijì, esùsú yọ, omi tí ó mọ́ gaara yọ, àwọn akọ ẹja kéékèèké sì ń dán bí aṣọ aró. Orí afárá pákó ni a ń rìn, kí ẹsẹ̀ má ba àbàtà náà jẹ́. Òjò tí ó rọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni omi yìí. Inú àpáta abẹ́ ilẹ̀ ni ó gbà wá. Ó lé ní 20 ẹ̀yà ewéko àti ẹranko tí kò sí níbòmíràn láyé àfi níbẹ̀. Ilé àwọn Paiute àti Shoshone ni kí òyìnbó tó dé.

Àwọn tí ó pè é ní òfo ti dán an wò. Ní àwọn ọdún 1960, wọ́n fa omi àbàtà Carson Slough gbẹ, wọ́n wa ilẹ̀ dúdú rẹ̀ tà. Ní 1968, oko ńlá kan bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ fa omi láti abẹ́ ilẹ̀, omi inú ihò àpáta Devils Hole sì ń lọ sílẹ̀. Pẹpẹ òkúta kan wà nínú ihò náà. Orí rẹ̀ ni ẹja ibẹ̀ ti ń jẹun, tí ó ti ń yé ẹyin. Bí pẹpẹ náà bá gbẹ, ó parí. Ní 1976, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n dín omi tí wọ́n ń fà kù. Síbẹ̀, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ tún fẹ́ kọ́ ìlú síbẹ̀, kí ó tó di ọgbà ìdáàbòbò ní 1984.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè àǹfààní ẹja, abẹ́ ilẹ̀ kan náà ni àwọn ará àdúgbò ti ń fa omi kànga tí wọ́n ń mu. Ẹja yìí ni ẹlẹ́rìí wọn.

Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé ẹja náà kò pọ̀. Òótọ́ ni: 35 ni wọ́n kà ní 2013, ó di 191 ní ìrúwé 2024, lẹ́yìn tí ilẹ̀ mímì gbá oúnjẹ àti ẹyin wọn kúrò lórí pẹpẹ, 38 ni wọ́n kà ní ìrúwé 2025. Ṣé nítorí pé ó kù díẹ̀ ni kí a fi tọrọ? Ẹni tí ó bá sì ní àṣà òyìnbó ni kí a dá ẹja sí, kí ó gbé ìwọ̀ rẹ̀ lọ sí Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, kí ó lọ wo ohun tí wọn yóò sọ fún un.