Ayẹyẹ Ni Kó Dúró De Ẹmu

Ẹni tó bá ti dé òde ìgbéyàwó nílùú ńlá láìpẹ́ yìí á ti rí i. Aago méjì ọ̀sán ti lù, oòrùn ń ta bí iná. Wọ́n á gbé kéègì jáde láti inú bùútù mọ́tò, ọmọkùnrin kan á ṣí ìdérí rẹ̀, afẹ́fẹ́ á tú jáde pẹ̀lú ariwo, òórùn kíkan á sì gba abẹ́ àtíbàbà kan. Ìyá tó ń bójú tó oúnjẹ á tọ́ ọ wò, á yínmú, á ní kí wọ́n bu ṣúgà sí i. Wọ́n á rọ ọ́ sínú ife oníke, wọ́n á gbé e fún àna. Àna á fi ẹnu kàn án lẹ́ẹ̀kan, á rọra sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì na ọwọ́ sí ìgò wáìnì pupa tó wà láàárín tábìlì. Bó bá dé ilé, á sọ pé ẹmu kò dùn.

Ẹmu kọ́ ló jẹ̀bi. Láti àná ni wọ́n ti dá a, inú oòrùn ló sì ti wà láti òwúrọ̀. Ohun tí wọ́n rọ sínú ife yẹn ti kọjá ẹmu. Bí àwọn onínàáwó bá máa gba ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí ohun mímu, èyí ni kí wọ́n gbà: ẹmu kì í dúró de ayẹyẹ, ayẹyẹ ni kó dúró de ẹmu. Ẹni tí kò bá lè ṣètò òde rẹ̀ yí wákàtí tí adẹ́mu ń sọ̀kalẹ̀ ká, mínírà ni kó rà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú agbè kò fara sin. Omi tó ń kán láti ojú ibi tí adẹ́mu dá lórí ọ̀pẹ mọ́ gaara, ó sì dùn bí omi ìrèké. Nǹkan bí ìdá 10 sí 12 nínú 100 rẹ̀ ló jẹ́ ṣúgà. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà wà nínú afẹ́fẹ́, ó wà lára ọ̀pẹ, ó sì wà nínú agbè tí wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀kán àkọ́kọ́ bá ti bọ́ sínú agbè ló ti ń jẹ ṣúgà yẹn, tó ń sọ ọ́ di ọtí. Òun àti àwọn kòkòrò mìíràn tí ojú kò lè rí ló ń mú kí ẹmu funfun bíi wàrà, òun náà ló ń mú kó hó. Láàárín wákàtí méjì péré, ọtí inú ẹmu lè ti tó ìdá 4 nínú 100. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá fi máa mọ́, ọtí fúnra rẹ̀ ti ń di kíkan. Ìdí nìyí tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹni tó fi dandan mú un ju omi inú agbè lọ.

Wáìnì àjàrà kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà tó lè lo ogún ọdún nínú ìgò, tí wọ́n á sì máa dára sí i, nítorí náà ẹni tó ni ín ló ń yan ọjọ́ tí yóò ṣí i. Síbẹ̀, àwọn ará Faransé tí wọ́n mọ wáìnì bí ẹní mowó ní ọ̀kan tí àwọn pàápàá ń dúró dè. Beaujolais Nouveau, wáìnì tí wọ́n fi àjàrà ọdún náà gan-an ṣe, kì í jáde fún títà kí Ọjọ́bọ̀ kẹta oṣù kọkànlá tó pé. Bó bá ti jáde, wọn kì í tọ́jú rẹ̀ pẹ́. Wọ́n ń mu ún nígbà tó ṣì tuntun. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni tiwọn. Ẹ̀ẹ̀mejì lójoojúmọ́ ni ti ẹmu, àwọn tó ni ín kò sì bọ̀wọ̀ fún un tó bẹ́ẹ̀.

Nínú gbogbo ẹmu, ti àárọ̀ ni ọba. Omi tó kán lóru, ìtútù òru kì í jẹ́ kó tètè le. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ, kó wà nídìí ọ̀pẹ nígbà tí ìrì ṣì ń bẹ lórí koríko. Bàbá adẹ́mu ti wà lókè. Igbà yí òun àti ọ̀pẹ ká. Ó fẹ̀yìn tì í, ó jù ú sókè díẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀, ó tún jù ú. Nígbà tó dé ọ̀hún, ó tú agbè tó ti so láti ìrọ̀lẹ́, ó fi ọ̀bẹ fá ojú ibi tó dá, fẹ́lẹ́ báyìí, kí omi lè tún máa ṣàn, ó tún ọ̀pá ọparun kékeré tó fi ṣe ojú ọ̀nà omi kì bọ̀ ọ́, ó sì so agbè mìíràn rọ̀. Ẹni tó ń kọjá lọ sóko kígbe láti ìsàlẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o! Igbà ò ní já o!" Bàbá dáhùn láti òkè: "Àṣẹ o, ọmọ mi. Má tíì lọ, jẹ́ kí n sọ̀." Nígbà tó sọ̀, ìfófó ti bo ẹnu agbè, oyin mẹ́ta sì ti kú sórí rẹ̀. Ó fẹ́ ìfófó àti oyin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bu ahá kan, ó ta díẹ̀ sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá nà án sí ọmọ náà. Adùn rẹ̀ ṣì pọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń ta ahọ́n pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́.

Ẹmu yìí ló yẹ àlejò. Ó bá isu sísun àti epo mu, ó bá àkàrà gbígbóná mu. Àárọ̀ ni wọ́n sì ń sọ ọmọ lórúkọ, àárọ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹbí ń ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, bí ẹni pé àwọn àgbà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n fi àwọn ìnáwó wọ̀nyí sí wákàtí yẹn. Ó dunni pé níbi ìkómọ gan-an, tí agbè tútù ìbá ti bá oyin àti ìrèké jókòó, ọtí inú agolo ni wọ́n ń pín kiri.

Ti ọ̀sán jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́. Láyé ọ̀wẹ̀, ẹni tó bá pe ẹgbẹ́ rẹ̀ láti wá bá a kọ́lé tàbí roko àna kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹmu wọ́n wọn. Bí oúnjẹ bá ti jáde, agbè ló tẹ̀ lé e. Kò sí ohun púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀ mọ́, nítorí ọ̀wẹ̀ fúnra rẹ̀ ti di ohun tí a ń wá.

Ti ìrọ̀lẹ́ ló le. Ooru ọ̀sán ti lé e, adùn ti rọlẹ̀, agbára ti gùn ún. Ẹ má gbé e fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n mu. Àsun Oǹdó tí ata rẹ̀ ń mú ni lẹ́nu jó, ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n yan, ìgbín aláta, àwọn nìkan ló lè kojú rẹ̀. Òun ni ẹmu ọ̀rọ̀ àti orin. Níbi tí àwọn ọdẹ ti ń sun ìjálá, agbè kì í jìnnà. L'Ékòó, nílé ẹmu ni ìlù àti gìtá ti jọ pàdé tí jùjú fi gbèrú. Nígbà tí Tunde King, olórin jùjú, fi ń gba orin rẹ̀ sínú àwo ní 1936, àwọn tó jókòó ti ahá ní ìrọ̀lẹ́ ti mọ irú orin yẹn dáadáa. Ẹni tó ń mu ẹmu ìrọ̀lẹ́ kò gbọdọ̀ ní mọ́tò tí yóò wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kó fi ṣe òpin ọjọ́.

Ohun tó bá wá ṣẹ́kù di ọjọ́ kejì, kí wọ́n fi rẹ egbò igi. Kí wọ́n má gbé e fún èèyàn pé àwọn ń ṣe é lálejò.

Ògùrọ̀ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì yẹ kí àwọn tó ń pe gbogbo ohun funfun inú kéègì ní ẹmu mọ ìyàtọ̀. Ọ̀pẹ ló ń fúnni ní ẹmu, ó sì lè fúnni fún ọ̀pọ̀ ọdún bí wọn kò bá ṣe é ní jàǹbá. Igi ògùrọ̀ fẹ́ràn àbàtà. Ọmọ ilẹ̀ Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ àti Ẹ̀pẹ ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń yọ òdòdó láyé rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ó kú. Ìgbà tó ń múra àti yọ òdòdó yẹn ni wọ́n ń dá a, nítorí náà ìkẹyìn igi náà ni ẹni tó ń mu ògùrọ̀ ń mu. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ògógóró, ohun tí ìjọba òyìnbó fi òfin dè nígbà tí jíìnì tiwọn ń wọlé láti òkè òkun tí wọ́n sì ń gba owó ibodè lórí rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ àsìkò yìí bá dà bí àṣejù lójú ẹnikẹ́ni, kó wo àwọn ìtàn tí Yorùbá ń sọ nípa ẹmu. Wọ́n ní Ọbàtálá ni Olódùmarè kọ́kọ́ rán láti wá dá ilẹ̀ ayé. Ẹmu ló mu lójú ọ̀nà, ó sùn lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Títí di òní, àwọn ọlọ́bàtálá kì í fi ẹmu kan ẹnu. Ìtàn yẹn kò sọ pé ẹmu burú. Ó sọ pé Ọbàtálá mu ún nígbà tí iṣẹ́ kò tíì parí. Ti Ògún ní Ìrè-Èkìtì wá yàtọ̀: ó dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, àwọn èèyàn jókòó láìsọ̀rọ̀ nítorí orò ọjọ́ náà, agbè sì ti ṣófo. Idà ló fi dáhùn. Ọ̀kan mu ún ṣáájú àkókò, èkejì dé lẹ́yìn rẹ̀, wàhálà sì ni àwọn méjèèjì bá pàdé.

Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, mọ èyí nígbà tó kọ ìwé rẹ̀ tó jáde ní London ní 1952, èyí tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ di eré Lánkẹ́ Ọ̀mùtí. Ọ̀mùtí inú ìwé náà ní oko tí ọ̀pẹ 560,000 wà nínú rẹ̀. Adẹ́mu rẹ̀ ń dá kéègì 150 fún un láàárọ̀, 75 ní ìrọ̀lẹ́. Àsọdùn ni, ṣùgbọ́n kódà nínú àsọdùn, Tutuola kò gbàgbé ìgbà méjèèjì, kò sì fi ẹmu pamọ́ di ọ̀la. Nígbà tí adẹ́mu náà já láti orí ọ̀pẹ, tó sì kú, ohun gbogbo dópin: ẹmu tán, ọ̀rẹ́ tú ká, ọ̀mùtí sì gbéra láti wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Kò wá kéègì lọ síbẹ̀. Èèyàn ló wá lọ.

Àwọn kan á ní ìgò ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Òótọ́ ni pé ilé ìwádìí ọ̀pẹ, NIFOR, lẹ́bàá Ìbíní àti ilé ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, ti ṣiṣẹ́ takuntakun lórí bí ẹmu ṣe lè wọ ìgò. Wọ́n ń fi ooru pa ìwúkàrà inú rẹ̀ kó má bàa máa le sí i. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹni tó wà ní Peckham ní London tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ilé sì lè rí ìgò kan rà láti fi pa òùngbẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n pa nínú ìgò ni ohun tó ń mú ẹmu jẹ́ ẹmu. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn, tí ọ̀pẹ kò jìnnà sí ilé rẹ̀ ju wákàtí kan lọ, kò ní àwáwí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣúgà àti omi tí àwọn kan ń lú mọ́ ọn lójú títì. Olówó ìnáwó ló ń fà á. Ó ń wá kéègì ogún lójijì ní ọ̀sán Sátidé, ó sì fẹ́ kó pọ́ọ́kú. Ta ló fẹ́ fún un ní ojúlówó? Àwọn tó ń gun ọ̀pẹ ń dín kù, àwọn ọmọ wọn ti gun ọ̀kadà. Iṣẹ́ tí èèyàn fi ẹ̀mí rẹ̀ so mọ́ okùn kan ṣe ni, èrè rẹ̀ sì kéré sí owó ìgò wáìnì kan tí ẹnikẹ́ni kò mu tán lórí tábìlì.

Nítorí náà, ẹni tó ní ìyàwó láti gbé kó lọ bá adẹ́mu ní oṣù kan ṣáájú, kó san àsansílẹ̀, kó sì bi í pé: "Bàbá, aago mélòó lẹ máa ń sọ̀?" Wákàtí tí bàbá bá dá ni kó kọ sínú káàdì ìpè lábẹ́ orúkọ àwọn òbí: Ẹmu, aago mẹ́jọ àárọ̀. Kí wọ́n gbé e wá nínú agbè, tàbí nínú kéègì tí wọn kò dé pa, kó má bàa bú lọ́nà, kí wọ́n sì fi sábẹ́ ibòji. Kí wọ́n pe bàbá náà wá jókòó, kó bu ahá àkọ́kọ́ fún bàbá ìyàwó. Bí aago mẹ́wàá bá ti lù, kí wọ́n palẹ̀ agbè mọ́, kí àwọn onílù wọlé, kí wọ́n sì gbé mínírà jáde.