Ọ̀rọ̀ "flushable" tí wọ́n kọ sára wáìpù ọmọ: ta ni wọ́n ń bá wí?

 

Ọ̀rọ̀ òní lè má jọ ọ̀rọ̀ ńlá lójú ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ìdí ọmọ àti ilé ìgbẹ́ ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú agboolé wa lóṣù tó kọjá ló jẹ́ kí n jókòó kọ ọ́.

Ìyàwó àbúrò mi ní ọmọ oṣù mẹ́sàn-án kan. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìdí ọmọ náà ti pọ́n, tó sú, tó sì ń bó. Nígbà tó yá, ó dé ẹ̀bá ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú, torí wáìpù kan náà ni wọ́n fi ń nu ẹnu rẹ̀ tó bá jẹun tán. Ìyá rẹ̀ ra kúrímù kan níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn, ó ń fi pa á. Tó bá pa á, á lọ; tó bá di ọjọ́ kẹta, á tún yọ. Mo bi í pé kí ló fi ń nu ọmọ. Ó gbé ọ̀rá wáìpù jáde, ó ní, "Mọ̀mí, èyí tó wọ́n jù ni mo rà o. Ẹ wò ó, wọ́n kọ flushable sí i lára. Kò ní kẹ́míkà."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló tàn án jẹ, ó sì ń tan ọ̀pọ̀ wa jẹ. "Flushable" kò sọ ohunkóhun nípa awọ ara ọmọ. Ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ń sọ ni pé o lè jù ú sínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì, kí o da omi sí i, kó sì lọ. Ọ̀rọ̀ páìpù ni. Nílùú tiwa níbí, kò tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ fún páìpù náà, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara ọmọ. Ohun tútù tí wọ́n dì sínú ọ̀rá fún oṣù púpọ̀, ó gbọ́dọ̀ ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí kòkòrò àìfojúrí hù nínú rẹ̀. Ẹ fi aṣọ tútù sínú ọ̀rá fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ wá gbọ́ òórùn rẹ̀, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ. Nítorí náà, bó jẹ́ flushable, bí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀, kẹ́míkà wà níbẹ̀. Èyí tó ti dá wàhálà sílẹ̀ jù nínú wọn ni methylisothiazolinone. (Ẹ má wulẹ̀ há a sórí. Ẹ sáà wo ẹ̀yìn ọ̀rá náà bóyá ẹ ó rí i.) Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2014, ìwé ìṣègùn ọmọdé tí wọ́n ń pè ní Pediatrics, l'Amẹ́ríkà, gbé ọ̀rọ̀ ọmọ mẹ́fà jáde, tí wáìpù tó ní kẹ́míkà yìí ba awọ ara wọn jẹ́. Wọ́n ti kọ́kọ́ rò pé àrùn ara mìíràn ni, wọ́n sì ti ń fi oògùn wò ó. Ìgbà tí wọ́n dáwọ́ wáìpù dúró ni ara wọn tó yá. Láti 2017, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ ilẹ̀ Yúróòpù ti fòfin dè é nínú ohun ìpara tí a kì í fi omi ṣàn kúrò lára, wáìpù sì wà lára wọn.

Ẹ kíyè sí i: ohun tí a kì í fi omi ṣàn kúrò. Ọṣẹ náà ní kẹ́míkà tirẹ̀, ṣùgbọ́n a máa ń ṣàn án. Ti wáìpù, a nu ìdí ọmọ tán, a de nápì lé e, ooru bò ó mọ́lẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mi ò sọ pé wáìpù ń pa ọmọ o. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń lò ó tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló sì ti yọ kẹ́míkà yẹn kúrò. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára ọ̀rá náà dára, ẹ máa wò ó kí ẹ tó rà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò lè sọ fún yín bóyá awọ ara ọmọ tiyín gbà á.

Ohun méjì ló bà mí lẹ́rù ju wáìpù fúnra rẹ̀ lọ. Àkọ́kọ́ ni kúrímù yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kúrímù tí wọ́n ní ó ń wo gbogbo nǹkan ló ní sítẹ́rọ́ìdì nínú. Á pa pípọ́n náà mọ́lẹ̀, kò sì ní mú ohun tó fà á kúrò. Awọ ìdí ọmọ fẹ́lẹ́, nápì tún bò ó, oògùn náà á wọ ara ọmọ ju bó ti yẹ lọ. Ẹ má fi sí ìdí ọmọ láìjẹ́ pé dókítà ló ní kí ẹ fi sí i. Ìkejì ni ohun tí a máa ń ṣe tí ọ̀rá wáìpù bá ti gbẹ: a ó bu omi kànga díẹ̀ sí i kó lè tún tutù. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2014, ilé iṣẹ́ kan l'Amẹ́ríkà kó wáìpù ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́jà torí pé wọ́n bá kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Burkholderia nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ tó sì ní aṣàyẹ̀wò nìyẹn. Kí la wá fẹ́ sọ nípa omi kànga tí a bù sínú ọ̀rá tó ti ṣí sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá?

Ó wá kan páìpù. Ọjọ́ kẹrin tí mo dé ni tọ́ílẹ́ẹ̀tì kọ̀ tí kò gbe omi mọ́, omi ìgbẹ́ sì ń sun jáde lẹ́yìn ilé, níbi tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Púlọ́ńbà ṣí sókàwéè, ó sì fi irin kọ́ wáìpù jáde, garawa kan àti ààbọ̀. Òmíràn nínú rẹ̀ ṣì ní òdòdó tí wọ́n yà sí i lára, ó mọ́lẹ̀ bí ẹni pé àná ni wọ́n rà á.

Àwọn tó ń ṣe ọjà yìí lókè òkun máa ń dán an wò. Wọ́n á fi sínú àpótí omi tí ẹ̀rọ ń mì síwá sẹ́yìn fún bíi wákàtí kan, kí wọ́n wo bó ṣe túká sí. Síbẹ̀, ní 2019, yunifásítì Ryerson ní Toronto dán ohun èlò 101 wò, tí 23 nínú wọn jẹ́ èyí tí wọ́n kọ flushable sí, kò sì sí wáìpù kankan nínú wọn tó túká dé ibi tí kò fi ní dí páìpù. Ní London, ní 2017, epo tó dì mọ́ wáìpù lábẹ́ ilẹ̀ Whitechapel wọn tọ́ọ̀nù 130, ó sì gùn tó mítà 250. Ìlú tó ní páìpù ẹ̀gbin ńlá lábẹ́ ilẹ̀ nìyẹn o. Ní Kàbà, láti orí tọ́ílẹ́ẹ̀tì dé kòtò kò ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ, garawa omi kan la sì fi ń tì í lọ. Ta ni yóò mì ín fún wákàtí kan? Bó ṣe wọlé náà ló ṣe ń dé inú kòtò. Ìgbẹ́ á rì, kòkòrò á jẹ ẹ́, omi rẹ̀ á ṣàn lọ kí ilẹ̀ mu ún. Wáìpù tí wọ́n fi pọ́lísítà hun, ike ni, kò sí kòkòrò tó ń jẹ ẹ́. Á kàn lọ dí ẹnu ọ̀nà omi ni.

Kànga wa sì wà nítòsí. Ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń fún wa ni pé kí kànga àti sókàwéè jìnnà síra tó mítà 30. Púlọ́ọ̀tì tí ọ̀pọ̀ wa ń rà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, ìyẹn bíi mítà 15 sí 30. Gbogbo gígùn ilẹ̀ náà nìyẹn! Ká tilẹ̀ ní o gbẹ́ kànga sí iwájú, tí sókàwéè wà lẹ́yìn pátápátá, ti aládùúgbò rẹ wà lẹ́yìn ògiri. Tí sókàwéè bá kún jáde nígbà òjò, ibo ni omi yẹn ń lọ? Omi kànga yẹn náà la fi ń po ògì ọmọ tí a ra wáìpù fún kí ìdí rẹ̀ lè mọ́. Ìgbẹ́ gbuuru àti onígbáméjì kò nílò ọ̀nà mìíràn.

Ní oṣù Bélú 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àṣẹ 009 kí a lè jáwọ́ nínú yíyàgbẹ́ sí ìta. Ó dára, a ń kọ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó wá sí àdúgbò wa láti sọ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ jù sínú rẹ̀.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó wá ìgò méjì tó mọ́. Kó fi tíṣù ilé ìgbẹ́ sí ọ̀kan, wáìpù sí ìkejì, kó bu omi sí méjèèjì, kó mì wọ́n dáadáa, kó sì fi wọ́n sílẹ̀ di àárọ̀. Mo ṣe é lójú gbogbo ilé. Tíṣù ti di ẹ̀kọ. Wáìpù, a fún un, a sá a, a tún fi nu tábìlì.

Mo mọ̀ pé omi máa ń wọ́n lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, mo sì mọ̀ pé ìyá tó ń ránṣọ tàbí tó ń kọ́ ọmọ níléèwé kò ráàyè. Ṣùgbọ́n abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ kékeré kan àti àkísà òwú tí a gé lára ìró àtijọ́, tí a fọ̀ tí a sá sóòrùn, tó láti nu ìdí ọmọ. Kí awọ náà gbẹ, kí ẹ fi òrí díẹ̀ pa á. Ẹ fi wáìpù sílẹ̀ fún ìrìn àjò, bí ẹ bá ń ti Lókọ́ja bọ̀ gba Ọ̀bàjànà, kí ẹ sì fi omi ṣàn án tí ẹ bá délé. Bí ìdí ọmọ bá pọ́n, wáìpù ni kí ẹ kọ́kọ́ dáwọ́ rẹ̀ dúró. Tí kò bá rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tàbí tó ń ṣọyún, tàbí tí ara ọmọ gbóná, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọmọ wa ti ń dán báyìí, ó gbà tó ọjọ́ mẹ́wàá. Ìyá rẹ̀ wá bi mí pé kí lòun ó ṣe sí ọ̀rá wáìpù méjì tó kù, owó ṣáà ni. Mo ní kó máa fi nu àga àti fèrèsé, kó sì jù ú sí inú bókẹ́ẹ̀tì ìdọ̀tí tó ní ìdérí. Kó má sun ún níbi tí ọmọ wà, torí èéfín ike kò dára. Mo sì ti lẹ ìwé kan mọ́ ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì: ìgbẹ́, ìtọ̀, omi àti tíṣù nìkan.