Fíìmù Ẹ̀rọ: Ta Ni Yóò San Owó Èyí Tó Bàjẹ́?

 

Àǹtí mi kan ń ta òrí níbí ní Oro-Ago. Ọmọkùnrin kan ní òun yóò bá wọn ṣe fíìmù ìpolówó ìṣẹ́jú kan. Kò sí kámẹ́rà, kò sí òṣèré, ẹ̀rọ AI ni yóò yà á. Ó gba 36,000 náírà. Ní ọjọ́ kẹta ó padà dé: “Mọ́mì, owó ti tán, ẹ fi nǹkan sí i.” Nínú èyí tó kọ́kọ́ jáde, ìka mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ obìnrin tó ń po òrí!

Àǹtí mi ní olè ni. Mo ní ẹ jẹ́ ká ṣírò ná.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Google dín owó Veo 3, ẹ̀rọ fíìmù wọn, kù láti 75 sẹ́ǹtì sí 40 sẹ́ǹtì fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Fíìmù ìṣẹ́jú kan wá di 24 dọ́là. Ká ní dọ́là kan jẹ́ 1,500 náírà, 36,000 náà nìyẹn. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kò tó 500 náírà ní báńkì. Owó yìí kì bá tó 12,000.

Ọmọ náà kì í ṣe olè. Ó gbàgbé èyí tí yóò bàjẹ́ ni. Ìṣẹ́jú àáyá 8 ni ẹ̀rọ náà ń yà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wá so ó pọ̀. Èyí tó bá jáde, ó dára o, kò dára o, owó ti lọ. Bó bá jẹ́ pé ẹyọ kan ló dára nínú mẹ́rin, 36,000 di 144,000. Kò sì tíì ka owó iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta tòmátò, ṣé ẹ kì í yọ èyí tó rà kúrò nínú apẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó mọ iye tí ẹ máa tà á? Bákan náà ni.

Nítorí náà, ẹ bá wọn dúnàádúrà lórí iṣẹ́ tó parí. Ẹ san ìdajì, kí ẹ rí i kí ẹ tó san ìyókù. Ọjà tó wà níwájú yín, fóònù lè yà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Àǹtí mi kò fi kọ́bọ̀ kan lé e. Fóònù la fi ya àwọn fúnra wọn níbi tí wọ́n ti ń po òrí, ọmọ náà sì so ó mọ́ díẹ̀ tó dára nínú ti ẹ̀rọ. Ìka márùn-ún ló pé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló yẹ kó san owó èyí tó bàjẹ́, ẹni tó bẹ̀ iṣẹ́ ni tàbí ẹni tó ṣe é? Ẹ kọ lẹ́tà sí wa.