Ọdún Kan ní Àjàṣẹ́

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó parí ilé-ìwé girama ni ó ń fi odidi ọdún kan jókòó sílé de yunifásítì. Ẹ̀yin òbí, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ rán wọn lọ kọ́ èdè Faransé ní Àjàṣẹ́ tàbí Kùtọnu. Gbogbo orílẹ̀-èdè mẹ́rin tí ó bá Nàìjíríà pààlà lórí ilẹ̀ ni a ti ń fi Faransé ṣiṣẹ́ ìjọba.

Ṣùgbọ́n kíláàsì nìkan kò tó. Àwọn tí ó gbọ́ Yorùbá pọ̀ ní Àjàṣẹ́. Ọmọ tí kò níṣẹ́ mìíràn yóò fi Yorùbá ra oúnjẹ, yóò fi í yan ọ̀rẹ́, yóò sì padà wálé bí ó ti lọ. Kí ó kọ́ èdè ní òwúrọ̀, kí ó kọ́ṣẹ́ ní ọ̀sán lọ́dọ̀ ọ̀gá tí kò gbọ́ Yorùbá. Ibi iṣẹ́ ni èdè ti ń yọ̀ mọ́ni lẹ́nu.

Òfin ECOWAS ti ọdún 1979 fún wa ní ọjọ́ 90 láìgba físà; ẹ gba ìwé àṣẹ fún èyí tí ó kù.

Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, Ẹ̀mí Mímọ́ fi èdè àjèjì sí àwọn àpọ́sítélì lẹ́nu. Òógùn ojú ni àwọn ọmọ wa yóò fi kọ́ tiwọn. Ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun.