Kí ẹ tó dá ajá ọmọ yín padà

Ìyá kan ní Manchester bi wá léèrè lóṣù tó kọjá: ajá tí wọ́n rà fọ́mọ ń tọ̀ káàkiri ilé, ó ń gbó débi pé àwọn aládùúgbò ń wá kan ilẹ̀kùn, bàbá ọmọ sì ti ní òun máa dá a padà. Ọmọ ò yéé sunkún. Kí làwọn lè ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ọjọ́ ajá yẹn ṣe ń lọ. Bí ìyá bá ṣiṣẹ́ alẹ́, aago mẹ́wàá lajá ń jẹun. Bí kò bá ṣiṣẹ́, aago méje ni. Lónìí wọ́n mú un jáde lẹ́ẹ̀mẹta, lọ́la òjò rọ̀, kò rójú ìta rárá. Ajá tí kò mọ ìgbà tí ilẹ̀kùn máa ṣí, ibi tí ìtọ̀ bá ti gbọ̀n ọ́n ló máa tọ̀ sí.

Ọmọ ajá ò lè dá ìtọ̀ dúró pẹ́. Ẹ mú un jáde bó bá ṣe ń jí, lẹ́yìn tó bá jẹun, lẹ́yìn tó bá ṣeré, àti kó tó sùn. Ibì kan náà ni kẹ́ ẹ máa mú un lọ, kó lè gbóòórùn ara rẹ̀ níbẹ̀. Bó bá tọ̀ síta, ẹ yìn ín lójú ẹsẹ̀. Bó bá tọ̀ sínú ilé, ẹ nù ún, ẹ má nà án. Kò ní mọ ohun tẹ́ ẹ torí ẹ̀ nà án; á kàn máa lọ tọ̀ sẹ́yìn àga ni.

Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ tó àgbà ajá. Ọmọ ajá ń fẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. (A mọ̀ pé nílé, àjẹkù wa lajá ń jẹ. Àmọ́ májèlé ni àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ jẹ́ fún un, àti ṣokoléètì àti èso àjàrà.)

Ní ti gbígbó, àwọn ẹgbẹ́ atọ́jú ẹranko ní Ìlú Ọba máa ń kìlọ̀ pé ká má fi ajá nìkan sílẹ̀ ju wákàtí 4 lọ. Bí bàbá àtìyá bá jọ ń ṣiṣẹ́ oníwákàtí 12, ẹ wá ẹni tó máa mú un rìn lọ́sàn-án. Bí kò bá sí, ẹ má tíì ra ajá. Ọmọ lè bu omi fún un o, ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbà lẹ ni ajá.

Ibi tí ọmọ ti wúlò jù ni ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ ṣáà mọ òwe fèrè ọdẹ: ajá ń gbọ́ fèrè torí pé ọ̀kan náà ni ọdẹ ń fọn. Ẹ yan "Wá", "Jókòó", "Dúró", "Ó yá, ká lọ", kí gbogbo ilé máa lò ó. Bí bàbá bá ní "Jókòó", tí ọmọ ní "Sit", ajá ò ní mọ èwo ni ṣíṣe. Ajá kì í sì í fi ọmọ ṣẹ̀sín pé ohùn Yorùbá rẹ̀ ò délẹ̀.

Ó ku aago. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, aago máa padà sẹ́yìn wákàtí 1 ní Ìlú Ọba, ajá ò sì gbọ́. Bó bá ń jẹun ní aago 7, ẹ fún un ní 7:15 lọ́jọ́ Ọjọ́rú, 7:30 lọ́jọ́ kejì, 7:45 lọ́jọ́ Ẹtì, aago 8 ní Sátidé. Láàárọ̀ Àìkú, ẹ padà sí aago 7.