Ìgbọ̀nsẹ̀ Tí Ó Le: Kí A Tó Pè É Ní Jẹ̀díjẹ̀dí

Ọ̀ràn tí a mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí jẹ́ èyí tí àgbàlagbà kì í fẹ́ sọ níwájú ọmọ, tí aya pàápàá a sì máa fi pamọ́ fún ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara kò mọ ìtìjú. Ohun tí ó bá gba ẹnu wọlé kò lè ṣàìwá ọ̀nà tí yóò gbà jáde.

Ní Ìgèdè níhìn-ín, àti ní Ìyìn, àti ní Adó, orúkọ kan ṣoṣo ni a fi ń pe gbogbo wàhálà ìdí àti ìfun. Bí inú bá dí, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bí ìdí bá ń ro ni, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá bá ìgbẹ́ jáde, jẹ̀díjẹ̀dí náà ni. A ó ra àgbo, bóyá èyí tí a rẹ sínú ògógóró. A ó mu ún, inú yóò ṣí, a ó sì wí pé ara ti yá. A kò bá ewé jà. Ewé àsùnwọ̀n tí àwọn baba wa ń lò ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́, nítorí èròjà inú rẹ̀ bá ti sénà tí a ń tà ní ilé olóògùn tan. Ohun tí a ń wí ni pé inú dídí jẹ́ àmì, kì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ń fi àgbo ṣí inú ní oṣooṣù, tí kò béèrè ohun tí ó dí i, ó ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé inú dí? Kò di dandan kí ènìyàn ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ lójoojúmọ́. Láti ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ títí dé ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kò sí àléébù níbẹ̀, bí kò bá ti sí ìnira. Ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ kò tó ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tí ó ń fi agbára tì í kí ó tó jáde, tí ìgbẹ́ rẹ̀ le bí ẹ̀kùrọ́, tàbí tí ó dìde tán tí ó sì mọ̀ pé ó ṣì kù nínú, tí èyí sì ń bá a lọ fún oṣù mélòó kan, inú rẹ̀ dí nìyẹn.

Oúnjẹ ni a ó kọ́kọ́ bi léèrè. Denis Burkitt, oníṣègùn ará Ireland tí ó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní ilẹ̀ Uganda, kọ̀wé pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1972 pé oúnjẹ a máa yára gba inú ìfun àwọn ará abúlé ilẹ̀ Áfíríkà kọjá ju ti àwọn ará Britain lọ jìnnà. Wọ́n ní èèpo, eèrí àti okùn inú oúnjẹ, tí inú kì í lè lọ̀ tán, ni ó fa ìyàtọ̀ náà, nítorí àwọn ni í mú kí ìgbẹ́ pọ̀ kí ó sì rọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ara wa báyìí. A sẹ́ ògì, a da eèrí fún ẹran ọ̀sìn, a sì mu ògì funfun. Búrẹ́dì funfun ni òwúrọ̀. Iyán ńlá ni alẹ́, ẹ̀fọ́ inú ọbẹ̀ kò sì ju ìwọ̀nba lọ. A kò ní kí ará Èkìtì má jẹ iyán mọ́. Ta ni yóò gbọ́? Ṣùgbọ́n kí ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i, kí iyán dín díẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ, àwọn nǹkan mìíràn wà. Ìyálọ́jà tí kò rí ilé-ìgbẹ́ tí ó mọ́ ní ọjà, tàbí awakọ̀ tí kò fẹ́ dúró lọ́nà, a máa pa á mọ́ra. Ìfun tí a kò bá sì dá lóhùn nígbà tí ó pè, bí ó pẹ́ títí, kì yóò pè mọ́. Oògùn náà a máa fà á: irin tí a ń fún aláboyún láti mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀, codeine àti tramadol tí a ń lò fún ìrora, àti díẹ̀ nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Àtọ̀gbẹ lè fà á, oyún pẹ̀lú lè fà á. Ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ inú ìfun.

Nítorí èyí ni dókítà ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀: ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ohun tí a ń jẹ, oògùn tí a ń lò, àgbo pẹ̀lú. Ẹ má ṣe fi àgbo pamọ́ fún un. Yóò tẹ ikùn, ó sì lè fi ìka yẹ ìdí wò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ̀ nítorí ìtìjú. Ó lè ní kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, tàbí kí a fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ olójú wo inú ìfun.

Ìtọ́jú ilé kò ṣòro. Ẹ̀wà, ilá, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ìbẹ́pẹ, àti ọsàn tí a jẹ pẹ̀lú ẹran inú rẹ̀: kí a máa fi wọ́n kún oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, nítorí àjẹjù lójijì a máa mú inú wú. Kí a mu omi tó, pàápàá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí àrùn ọkàn tàbí ti kíndìnrín ń ṣe, kí ó béèrè ìwọ̀n tirẹ̀. Kí a máa rìn. Lẹ́yìn oúnjẹ òwúrọ̀ ni ìfun a máa jí, nítorí náà kí a fún un ní àkókò rẹ̀ nígbà náà láìkánjú. Ẹni tí ó ń lo ilé-ìgbẹ́ alága, kí ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré. Ìlóṣòó àwọn baba wa a máa mú ọ̀nà náà tọ́. Bí èyí kò bá tó, lactulose tàbí macrogol a máa fa omi sínú ìgbẹ́ kí ó lè rọ̀, sénà a sì máa ru ìfun sókè. Kí a lò wọ́n bí olóògùn bá ti wí. Bí ó bá jẹ́ oògùn dókítà ni ó fà á, kí a padà sọ fún un. Kí aláboyún má ṣe dá irin dúró fúnra rẹ̀.

Níkẹyìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gé apá yìí lẹ́ ara ògiri. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́. Bí ara bá ń rù láìnídìí. Bí àárẹ̀ bá mú ni tí ojú sì funfun. Bí ìṣe ìfun ẹni tí ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún bá yí padà lójijì. Bí bàbá, ìyá tàbí ọmọ ìyá ẹni bá ti ní jẹjẹrẹ ìfun rí: ẹ má ṣe ra àgbo, ẹ lọ sí ilé-ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an. Bí ikùn bá sì wú, tí ènìyàn ń bì, tí kò lè só, tí kò sì lè yàgbẹ́, ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé e lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òru. Ìfun lè ti lọ́ pọ̀, ohunkóhun tí a bá fún un mu láti ṣí inú lè pa á. Ilé-ìwòsàn ńlá ti ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Adó, ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ìdó-Èkìtì. Wọn kò jìnnà sí wa.

Púpọ̀ nínú àwọn tí jẹjẹrẹ ìfun ń ṣe ní ilẹ̀ wa ni í pẹ́ kí wọ́n tó dé iwájú dókítà, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí a bá tètè rí ṣeé gé kúrò. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè lọ́wọ́ bàbá àti ìyá yín. Ẹ̀yin àgbà, ẹ dáhùn.